Làtíífàt Dúpẹ́ Mọ́tò Tó Fowó Ara Rẹ̀ Rà

Obìnrin tó ń bọ́ ọkọ pọ̀ ní Lánlátẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n Làtíífàt nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ọkọ tó ń bọ́ gan-an ti gbàgbé pé wọ́n ń bọ́ òun. Ilé gàrí rẹ̀ wà létí ọ̀nà tó lọ sí Èrúwà. Ẹ̀rọ tó ń lọ pákí ń ké níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin tó ń bẹ pákí fún un kún ilẹ̀, òórùn èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí kì í sì í kúrò lára ìborùn rẹ̀, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Télọ̀ ni Hàkímù ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní máṣíìnì, ó sì ní àga kan tó máa ń gbé síta láti fi wo àwọn tó ń kọjá lọ. Iṣẹ́ tó ń fi àga yẹn ṣe pọ̀ ju èyí tó ń fi máṣíìnì ṣe lọ. Ọkùnrin náà ga, ó rẹwà, ẹnu rẹ̀ dùn, wọ́n sì ń bọlá fún bàbá rẹ̀ nílùú kó tó kú, nítorí náà kò sẹ́ni tó pè é lọ́lẹ. Wọ́n ní Ọlọ́run ni kò tíì ṣí ọ̀nà fún un.

Bí Làtíífàt bá san owó ilé-ẹ̀kọ́ Aliyyah, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, á sọ fún ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ ló san án. Bí ọdún Iléyá bá dé, inú yàrá ni yóò ti kó owó àgbò fún ọkọ rẹ̀, Hàkímù á wá fa àgbò náà gba àárín ìlú kọjá kí gbogbo ayé lè kí i kú ìnáwó. Ìyá Làtíífàt ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé obìnrin tó bá ń ka ohun tó ṣe fún ọkọ kì í pẹ́ tú. Ìyá náà ti kú, kò sí níbẹ̀ mọ́ láti wo ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kadà da Làtíífàt àti àpò gàrí rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Èrúwà. Gàrí fọ́n sínú ẹrẹ̀, awọ orúnkún rẹ̀ bó, àwọn tó sì sáré wá kọ́kọ́ yẹ gàrí náà wò bóyá ó ṣì ṣeé bù kí wọ́n tó gbé e dìde. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó búra pé òun kò ní gun ọ̀kadà mọ́. Mọ́tò ló fẹ́, èyí tí òun àti ọkọ òun àti ọmọ òun máa jókòó sí bí ènìyàn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á sì gba ẹrù. Ó dá àjọ, ó fún ara rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, ó ń fi èrè lé èrè, títí owó náà fi tó ohun tí wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò.

Ẹni tó ń ta mọ́tò náà ni Mùstàfá, ọkùnrin kan tó ń to mọ́tò tòkunbọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Èrúwà. Làtíífàt mú ọkọ rẹ̀ dání lọ, wọ́n sì mú Búrẹ́mọ̀ mekáníìkì Lánlátẹ̀ dání kó lè bá wọn wò ó. Mọ́tò pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ojú Làtíífàt ti bọ́ sórí ọ̀kan báyìí, kò wo òmíràn mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti obì tó gbó. Imú rẹ̀ gùn, iná iwájú rẹ̀ rí roboto, irin orí táyà rẹ̀ wú sókè bí ti àwọn mọ́tò tí àwọn àgbààgbà dúró tì nínú fọ́tò ayé òyìnbó. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní ó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ìgbà tó bá sún mọ́ ọn ló máa rí i pé mọ́tò ayé ìsinsìnyí ni, àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé ojú àgbà wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè lódindi bí ìdérí àpótí aṣọ, àga ẹ̀yìn sì ṣeé ká kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Làtíífàt wo ibẹ̀, ó ti ń fojú inú rí àwọn àpò gàrí rẹ̀ níbi tí wọ́n sùn sí. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ìborùn nù ún kíákíá kí ẹni tó ń tajà má baà gbówó lé e.

Kò sí ìbẹ̀rù lórí ìyẹn, nítorí Mùstàfá kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Hàkímù ló ń ṣílẹ̀kùn fún, Hàkímù ló ń pè ní ọ̀gá. Bí Làtíífàt bá béèrè nǹkan, Hàkímù ni Mùstàfá yóò dá lóhùn. Búrẹ́mọ̀ ní tirẹ̀ wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi ìka kan ọ́ìlì ó gbóòórùn rẹ̀, ó wà á lọ ó wà á bọ̀, ó wá ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, kí wọ́n ṣáà máa rántí omi rẹ̀. Wọ́n ná an títí, ẹnu kò.

Ibi tí Làtíífàt ti ṣe àṣìṣe rẹ̀ nìyí. Ó fa ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn ògiri kan, ó tú owó kúrò ní ìdí ìró rẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kó lè jẹ́ ọkọ náà ni yóò lọ san án. Búrẹ́mọ̀ tó lọ fọwọ́ lẹ́yìn ògiri yẹn rí wọn. Hàkímù ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó gbé owó lọ. Búrẹ́mọ̀ dúró, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

"Ìyá Aliyyah, ẹ̀yin lẹ lówó yìí. Ẹ fọwọ́ ara yín san án."

"Ọkọ mi ni wọ́n," ni Làtíífàt wí. "Iyì tiwọn ni iyì tèmi."

Búrẹ́mọ̀ padà sídìí mọ́tò. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya kò kan mekáníìkì.

Bí ó bá mọ síbẹ̀, bóyá à bá rí nǹkan kan gbà padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àsàlátù àpapọ̀ bọ́ sí Lánlátẹ̀, mọ́ṣáláṣí kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ènìyàn wá láti Èrúwà, láti Igbó-Ọrà, títí dé Tápà, Làtíífàt àti ọkọ rẹ̀ sì gbé mọ́tò náà wá kí Ààfáà lè ṣe àdúà sí i. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ bọ́ síta, Làtíífàt dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Aliyyah. Ó ní ọkùnrin náà kò rán aṣọ tuntun sí ara rẹ̀ láti ọdún tó kọjá nítorí kó lè tọ́jú owó mọ́tò. Ó ní ó máa ń ní òun ti yó nígbà tí kò tíì yó. Ó ní nígbà tí òun ṣubú lórí ọ̀kadà, ọkọ òun sunkún, ó ní ìyà tó jẹ ìyàwó òun tó gẹ́ẹ́. Kò sí ọ̀kan tó jóòótọ́ nínú rẹ̀. Hàkímù kò sunkún rárá lọ́jọ́ náà, ó kàn bi í léèrè pé àpò mélòó ló bàjẹ́ ni. Ó yẹ kí Làtíífàt jókòó lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn obìnrin fi ń wò ó dùn mọ́ ọn. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n jowú ọkọ òun? Ó wá fi àdúà parí rẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọbìnrin, kí Ọlọ́run fún ọmọ yín ní irú ọkọ tèmi."

Àmín tí wọ́n ṣe mi òrùlé. Àwọn obìnrin kan sunkún. Àwọn mìíràn délé lọ́jọ́ náà, wọ́n bá ọkọ tiwọn jà. Hàkímù tó jókòó láàárín àwọn ọkùnrin dorí kodò nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ojú ń tì í. Nígbà tí àmín fi máa rọlẹ̀, ó ti gbórí sókè.

Làtíífàt ló kọ́kọ́ ń jókòó síwájú mọ́tò náà, gàrí rẹ̀ ń jókòó sẹ́yìn, ó sì gbádùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a má purọ́. Lẹ́yìn náà Hàkímù ní eruku gàrí ń ba àga jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní irú mọ́tò báyìí, ènìyàn kì í fi í kẹ́rù, àwọn ènìyàn ń wò ó. Ó ra tápólín, ó ń fi bò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bí òde bá wà, á ká tápólín, á wọ agbádá, á jáde. Làtíífàt sì padà sórí ọ̀kadà, òun àti àpò gàrí rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ti jinná. Àwọn tó ń pàdé rẹ̀ lọ́nà ní obìnrin yìí mà mọ nǹkan tọ́jú o, mọ́tò tí ọkọ rẹ̀ rà fún un, kò fẹ́ kó gbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, Hàkímù mí kanlẹ̀, ó wo mọ́tò náà láti ojú wíńdò, ó ní, "Nígbà tí mo ń kó owó mọ́tò yìí jọ, ojú mi rí màbo."

Làtíífàt bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ló ń ṣe. Hàkímù kò rẹ́rìn-ín. Ó bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí òórùn ìyàwó kejì fi dé. Hàkímù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò fi bò. Ọmọ Tápà ni, Ọmọ́tárá ni wọ́n ń pè é, ó ń ta aṣọ ní Igbó-Ọrà. Ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ wá òun wá. Obìnrin náà wà ní àsàlátù àpapọ̀ ọjọ́ yẹn, ó gbọ́ ohun tí Làtíífàt sọ, ó ṣe àmín sí i, ó sì délé ó ń rò ó pé kí ló dé tí òun á fi máa tọrọ irú ọkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ náà gan-an wà ní Lánlátẹ̀, tí Ọlọ́run kò sì ní kó má fẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ò rí i bí àdúà ṣe ń gbà?

Ìyàwó kejì kọ́ ló dun Làtíífàt jù. Orogún mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ní, inú agbo wọn ló dàgbà sí. Ohun tí Hàkímù fi tẹ̀ lé e ló gún un lọ́kàn. Ó ní ní kété tí ìyàwó bá ti wọlé, Ọmọ́tárá ni yóò máa gbé mọ́tò náà lọ sí Igbó-Ọrà, nítorí kò yẹ kí ìyàwó òun máa gun ọ̀kadà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lójú Làtíífàt, tí eruku ọ̀nà Èrúwà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Làtíífàt wo ẹnu rẹ̀. Ó wá a lójú rẹ̀ bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Ọkùnrin náà ń wò ó padà pẹ̀lú ojú tó mọ́ gaara. Ìgbà yẹn ló yé e pé Hàkímù ti gba irọ́ náà gbọ́ pátápátá, òun sì ni ọ̀gá tó kọ́ ọ.

Ó gba ilé Ààfáà lọ. Ó jókòó sórí ẹní, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ènìyàn rere ni Ààfáà, kò sì tako ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣe kedere lórí ìyẹn.

"Ohun tí obìnrin bá fowó ara rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ kò ní ìpín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn lo ti sọ ti àkọ́kọ́, Làtíífàt. Ojú wọn náà ni kí o ti sọ èyí."

Ó ní tó bá ti lè sọ ọ́, òun fúnra òun ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Hàkímù. Làtíífàt ronú sí i. Ojú á tì í, wọ́n á pè é ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò òun á padà sọ́wọ́ òun, ọmọ Tápà kò sì ní jókòó sórí òógùn òun. Ó ní òun á sọ ọ́.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe yìí kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí òtítọ́ bá bá irọ́ tán. Ní Lánlátẹ̀, irọ́ yíjú padà, ó sì na òtítọ́ bí ẹni na ọmọ ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, Làtíífàt dìde níbi tó ti dìde tẹ́lẹ̀. Ìyá Ọmọ́tárá wà níbẹ̀, ó ti wá tìtorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Aliyyah wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí funfun. Làtíífàt sọ ọ́. Ó ní irọ́ ni òun pa lọ́jọ́ yẹn, òun ni òun ra mọ́tò náà, owó gàrí òun ni, ọkọ òun kò fi nǹkan kan kún un. Ó ti rò pé wọ́n máa pariwo mọ́ òun, ó sì ti múra ariwo sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kọ́kọ́ ń lọ láàárín àwọn obìnrin, lẹ́yìn náà ẹnì kan pòṣé, lẹ́yìn náà ni ìyá Ọmọ́tárá dìde, ó dì mọ́ ọn. Inú kò bí obìnrin náà rárá, àánú Làtíífàt ló ń ṣe é. Ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n má bínú sí i, owú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹni tí ìyàwó tuntun ń bọ̀ bá tí orí rẹ̀ kì í dàrú. Àwọn àgbà obìnrin ń mi orí. Wọ́n ní àwọn náà ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tiwọn.

Ààfáà ní kí Hàkímù sọ tẹnu rẹ̀. Hàkímù dìde jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní ẹlẹ́rìí mìíràn ju ẹnu rẹ̀ lọ."

Làtíífàt rántí Búrẹ́mọ̀. Ó tọ́ka sí i níbi tó jókòó sí láàárín àwọn ọkùnrin, ó ní ó wà níbẹ̀, ó rí i nígbà tí òun kó owó fún ọkọ òun. Gbogbo orí yí sí mekáníìkì. Búrẹ́mọ̀ wo ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Hàkímù kì í gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Bí ó bá sọ ọ́, ojú tó máa ti Hàkímù á kan gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀, torí kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyàwó òun náà ń ṣe nínú ilé.

"Ọwọ́ Bàbá Aliyyah ni Mùstàfá ti gba owó," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ó jókòó. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ààfáà wo Làtíífàt, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo lòun láàárín mọ́ṣáláṣí tó kún. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ṣe àdúà kí Ọlọ́run bá a mú ìrora kúrò lọ́kàn. Wọ́n ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n jáde, Aliyyah ti dúró ti mọ́tò náà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún. Làtíífàt nawọ́ sí i, ọmọ náà yẹra.

"Mọ́mì, kí ni dádì mi fi ṣe yín? Ẹni tó febi pa ara rẹ̀ kó lè ra mọ́tò fún yín lẹ dójú tì báyìí?"

Làtíífàt lanu. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, kò sì sí ọjọ́ kan láyé rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ kó mọ ẹni tó ń bọ́ ọ. Ó wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé tí òun bá tún sọ òtítọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ òun kò ní bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n," ni Aliyyah wí. Ẹkún tún ti gba ohùn rẹ̀.

Àwọn ènìyàn ti dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Hàkímù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Làtíífàt fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ iwájú mọ́ṣáláṣí, ó ní kó má bínú. Hàkímù jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fà á dìde lójú gbogbo wọn, ó ní òun ti dárí jì í.